Làkúrègbé Ọmọdé

Ìyá Fótókọ́pì ni wọ́n ń pè mí ní Agbowó. Mùsílímátù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n àfi ní mọ́ṣáláṣí ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú títì, ó kọjú sí ọ̀dọ̀ Yunifásítì. Mo ní ẹ̀rọ fótókọ́pì méjì, kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti èyí tí a fi ń lẹ ọ̀rá mọ́ sàtífíkéètì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Ohun yòówù tí mo bá mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, inú ìwé tí àwọn èèyàn ń gbé wá ṣe ẹ̀dà ni mo ti kọ́ ọ. Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn débi pé mo máa ń mọ ojú ewé tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń gùn, tó ń dán, ibẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ kò ti mọ ohun tó ń sọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn láti ogún ọdún. Mi ò sọ pé irọ́ ni ìgbàgbọ́ yẹn. Mo kàn fẹ́ sọ ohun tó fà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Karùn-ún, ọmọbìnrin kan wọlé sí mi pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì àti ìwé kan lọ́wọ́. Ó ní Tolúlọpẹ́ ni orúkọ òun, ilé ìwòsàn kan ní Ring Road ni òun ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn fẹ́ wá yẹ àwọn ọmọ Agbowó wò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ní pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn wa. Wọn yóò yẹ ọ̀nà ọ̀fun wọn wò, wọn yóò fi ẹ̀rọ kékeré kan wo ọkàn wọn, wọn yóò sì fún èyí tó bá yẹ ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì. Ìwé ìléwọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló fẹ́ kí n tẹ̀.

Mo gba ìwé náà, mo kà á.

"Ibà agbókèèrè-bá-èwe-jà, èyí tí í ti ọ̀nà ọ̀fun wọ oríkèé, tí í ti oríkèé yọ́ wọ inú ọkàn àwọn ọmọ wa bí olè tí kò kan ilẹ̀kùn."

Mo bọ́ gíláàsì ojú mi.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà ni, mà. Tíṣà Yorùbá ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn fi kọ ọ́."

"Ó hàn. Ẹni tó bá fẹ́ kà á náà á lo ọjọ́ mẹ́ta."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

"Nọ́ọ̀sì, ìyá tó ń sáré lọ sí Bódìjà ní aago mẹ́fà àárọ̀, ṣé ó máa dúró ka olè tí kò kan ilẹ̀kùn? Kí ni ẹ̀yin ń pe àìsàn yìí níbi iṣẹ́?"

"Rùmátíìkì fíbà ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Rùmátíìsì ṣáà ni. Làkúrègbé."

"Ó jọ ọ́, mà, torí oríkèé máa ń dun àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe... Ìkàrẹ́ ni mo ti wá, mà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ìbàdàn. Ọ̀gá wa ní kó ṣáà ti yé àwọn ìyá."

"Ó máa yé wọn. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Fóònù rẹ̀ dún, ó sì bọ́ síta lọ dáhùn rẹ̀, nítorí ariwo ẹ̀rọ mi. Kí ó tó padà, mo ti ya ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà, mo sì ti pa gbogbo ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà fi ọjọ́ mẹ́ta kọ rẹ́ lójú rẹ̀. Mo kọ LÀKÚRÈGBÉ gàdàgbà sókè. Mo kọ ÀYẸ̀WÒ Ọ̀FẸ́, ABẸ́RẸ́ Ọ̀FẸ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo fi ọjọ́ àti ibi tí wọn yóò ti ṣe é sí i. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àyè kù sí, mo kọ ọ́ wínníwínní pé ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Bí èyí àkọ́kọ́ ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni Àmúdàtù wọlé. Ilé kan náà la jọ ń gbé, yàrá tiwọn kọjú sí tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ẹnu rẹ̀ mú ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó wá ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ ilé rẹ̀. Kò lè rí ohun tí wọ́n kọ kó má kà á, bí èmi náà ṣe rí nìyẹn, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ó mú ìwé náà, ó kà á sókè, ó pín in sí wẹ́wẹ́.

"Là-kú-rè-gbé. Ìyá Fótókọ́pì, kí ni làkúrègbé?"

"Àrùn àwọn àgbàlagbà ni. Èyí tó ń ṣe màmá àgbà ẹ. Gba ọ̀kan, mú un lọ fún wọn."

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè tó dára tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì dá a lóhùn dáadáa, etí mi kò gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Nọ́ọ̀sì wọlé padà, ó wo ìwé náà, ó ní ó mọ́ gan-an, ó dúpẹ́. Mo tẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ wò wọ́n. Ìdùnnú ni mo bá lọ, nítorí mo rí ìwé mi lára ògiri láti ìsọ̀ ẹlẹ́rọ títí dé ìdíkọ̀. Nígbà tí mo dé pápá, èrò pọ̀. Wọ́n tò láti ẹnu géètì dé abẹ́ igi máńgòrò. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ni mo ń rí. Ọ̀pá, gèlè, fìlà, àti àwọn tó di ara wọn mú. Àwọn arúgbó Agbowó ló jáde tán. Wọ́n ti tún ránṣẹ́ sí ti Bódìjà.

Nọ́ọ̀sì Tolúlọpẹ́ ń bẹ̀ wọ́n láti orí àga.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọdé la pè. Ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Bàbá Gbádérọ̀, tó máa ń jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí wa, fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Ó di ọdún márùn-ún gééré tí mo ti ń fi ọ̀pá rìn."

"Ẹ má dá wọn lóhùn, nọ́ọ̀sì," obìnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀, "ọjọ́ tí wọ́n bá rí oúnjẹ ọ̀fẹ́, wọ́n máa ń sáré."

"Ìwọ náà tò síbẹ̀ dáadáa," Bàbá Gbádérọ̀ dá a lóhùn, "má gba iwájú mi. Orúnkún méjèèjì ló ń dùn mí, tìrẹ ẹyọ kan."

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Màmá Àbẹ̀ḿbí, ìyá àgbà Àmúdàtù, wà láàárín wọn, ó ká ìwé mi mọ́ ọwọ́ bí ẹni tó gba ìwé ìpè. Mo kí i, ó dáhùn, ó fa aṣọ sókè kí n lè rí orúnkún rẹ̀.

"Mùsílí, Ọlọ́run á bù kún ọ. Àmúdàtù ló mú un wá fún mi. Àbí o ò rí ọmọ yẹn? Ó ní òun náà fẹ́ bá mi wá, ó ní orúnkún ń dun òun. Mo ní ìwọ, àná òde yìí ni wọ́n bí ọ, kí lo fẹ́ fi làkúrègbé ṣe? Ṣé o fẹ́ jogún mi ni kí n tó kú?"

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí kú fún ẹ̀rín. Bàbá Gbádérọ̀ ní àwọn ọmọ ayé òde òní, gbogbo nǹkan àgbà ni wọ́n fẹ́ gbà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ó yé èèyàn dáadáa: mo rẹ́rìn-ín débi pé mo nu ojú. Ogún ìgbésẹ̀ ni ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì sí ibi tí mo dúró. Bí mo bá rìn ín, bí mo bá sọ fún un pé ọmọ kan wà nílé tí orúnkún ń dùn, ìyókù ìtàn yìí lè má rí bó ṣe rí. Mi ò rìn ín.

Wọ́n fún Màmá Àbẹ̀ḿbí ní páńádóò, ó lọ sílé. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì jókòó sórí àpótí ẹ̀rọ wọn.

"Ọmọ mọ́kànlá, mà. A múra sílẹ̀ de igba."

Mo ní àwọn ìyá Agbowó ni kò gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó lọ sí Apẹ̀tẹ̀, láti ibẹ̀ wọ́n kọjá sí Ẹlẹ́yẹlé.

Oṣù Kẹfà ń parí lọ nígbà tí mo rí Àmúdàtù lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù mi. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ni. Ó jókòó sórí èkejì, ìwé rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń sinmi."

"Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló ń mú ọ sinmi?"

"Méjì ni. Mi ò tíì gun ìyókù."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wá rí ọrùn rẹ̀. Iṣan ibẹ̀ ń sọ bí ohun tó fẹ́ já síta. Ó ń mí bí ọmọ tó ti sáré, bẹ́ẹ̀ kò sáré. Mo jókòó tì í.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Ìyá Àgbà, torí mi ò lè bá wọn sáré mọ́. Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ wú. Nígbà tó lọ, ó bọ́ sí òsì. Ó tún bọ́ sí ọrùn ọwọ́. Màmá àgbà ní mò ń dàgbà ni. Wọ́n ń fi òrí ra á."

"Kí orúnkún tó wú ńkọ́? Kí ló ṣe ọ́?"

Ó rò ó. "Ọ̀nà ọ̀fun. Mi ò lè gbé ẹ̀bà mì. Wọ́n fún mi ní omi iyọ̀."

Mo dìde. Mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Mi kì í pa nǹkan rẹ́ pátápátá, ìwà tí iṣẹ́ kọ́ mi ni. Ìwé Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà wà níbẹ̀ bó ṣe kọ ọ́. Ó ti ọ̀nà ọ̀fun wọ oríkèé. Ó ti oríkèé wọ ọkàn. Ọmọ ni. Olè tí kò kan ilẹ̀kùn. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, bí ọmọ náà ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún mi lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà mọ ohun tó ń sọ. Èmi ni mi ò mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún Zùwáírátù, ìyá ọmọ náà, pé kó má lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Ọ́fíìsì kan ní Dúgbẹ̀ ló ń gbá, ó máa ń jáde kí ojú tó mọ́, ó sì máa ń wọlé nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ti ṣe iṣẹ́ ilé tán. Bàbá ọmọ wà ní ọ̀nà Òkè Ọya, ó máa ń pè lórí fóònù. Zùwáírátù wo ojú mi, kò béèrè ìdí. Ní àárọ̀, èmi, òun, Màmá Àbẹ̀ḿbí àti ọmọ náà wọ takisí lọ sí Ring Road.

Dókítà gbé ẹ̀rọ lé àyà ọmọ náà, ó sì yí ojú ẹ̀rọ sí wa kí a lè rí i. Mo rí nǹkan dúdú àti funfun tó ń lù, tó ń lù. Ó ní ọkàn ní ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá, ilẹ̀kùn á tì. Ó ní ọ̀kan nínú ti Àmúdàtù ti bàjẹ́, kì í tì mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ síwájú ń padà sẹ́yìn, ọkàn sì ti ń wú látàrí iṣẹ́ àṣetúnṣe. Ó ní ó jọ pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kíní nìyí, pé ó ti ṣe ọmọ náà rí.

Màmá Àbẹ̀ḿbí sọ ọ́ ní ohùn kékeré pé ọ̀fun dùn ún lọ́dún tó kọjá náà, orúnkún sì dùn ún.

"Kí la fẹ́ ṣe, dókítà?" Zùwáírátù béèrè.

Ó ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ọdún á gorí ọdún, kí àìsàn ọ̀fun má tún wọlé wá fi kún un. Ó ní oògùn tí yóò máa fa omi kúrò lára. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni ilẹ̀kùn náà máa nílò, òun á kọ ìwé sí ọsibítù ńlá. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sì mọ̀ láti inú jẹ́jẹ́ náà pé ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Nọ́ọ̀sì Tolúlọpẹ́ ló gún abẹ́rẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló béèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù látàárọ̀.

"Mà, Agbowó lẹ̀ ń gbé. A wá síbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Kí ló dé tí ẹ ò mú un wá?"

Zùwáírátù yíjú sí i. "Làkúrègbé ni ẹ kọ. Mo kà á fúnra mi. Ta ló máa gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ gba abẹ́rẹ́ làkúrègbé? Ta ló kọ ọ́? Ẹ sọ fún mi. Ta ló kọ irú ìwé yẹn?"

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Àṣìṣe ni, mà," ó wí. "Àṣìṣe àwa ni. Ẹ má bínú."

Ọmọ tí mo lè bí. Mo jẹ́ kó gbà á rù.

Zùwáírátù kò lè máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà èmi ni mò ń gbé Àmúdàtù lọ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ àti fún abẹ́rẹ́. Èmi ni mo ní kó jẹ́ èmi. Mo máa ń ra bisikíìtì fún un tí a bá ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ náà le, oògùn inú rẹ̀ ki, tipátipá ni ó máa ń wọlé. Ọmọ náà á di ọwọ́ mi mú, á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kó má baà sunkún.

"Ẹ̀yin náà ẹ gba ọ̀kan, ká wò ó."

"Kò sí ti àgbà níbẹ̀."

"Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ wo ìdí yín bó ṣe tóbi, abẹ́rẹ́ máa sọnù síbẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ kejì, nínú takisí, a dé Mọ́kọ́lá, ọkọ̀ dúró. Ó fi orí ti èjìká mi. Ara rẹ̀ kò wúwo mọ́.

"Ìyá Fótókọ́pì, ẹ ní àrùn àgbàlagbà ni."

"Ẹ̀n?"

"Làkúrègbé. Ẹ ní àrùn àgbàlagbà ni. Ṣé mo ti dàgbà ni?"

Mo ya bisikíìtì, mo fún un. Ó ní òun ò fẹ́, ó ń dun òun nínú. Mo ní kó mú un dání.

Oṣù Kẹjọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kì í ṣe orúnkún mọ́, gbogbo ẹsẹ̀ ni, tí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á jìn. Kò lè sùn sílẹ̀, ó ní tí òun bá sùn sílẹ̀, omi ń mu òun. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù ńlá. Ìwé iṣẹ́ abẹ wà nínú fáìlì, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń dúró. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e ti àyà kó lè wà ní ìjókòó. Bí wọ́n ṣe wà fún ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó béèrè omi. Kí wọ́n tó bù ú dé, ó ti kú.

Kí wọ́n tó kírun Àsárì, wọ́n ti sin ín. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ sọ nípa ọjọ́ yẹn. Àwọn tó wá kí wa sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ tó gùn, tó dán. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo ń gbọ́ wọn.

Mo bi Nọ́ọ̀sì Tolúlọpẹ́ lẹ́yìn náà bóyá abẹ́rẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn ì bá gbà á là. Kò purọ́ fún mi.

"Bóyá, mà. Bóyá ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn náà. A ò lè mọ̀ mọ́."

Nínú oṣù Kẹwàá, ó tún gun àtẹ̀gùn mi wá. Wọ́n fẹ́ padà sí Agbowó. Ó gbé ìwé sílẹ̀ níwájú mi.

"Ọ̀gá wa ní ká lọ tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn, mà. Mo ní rárá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní rárá?"

"Torí ẹ̀yin ò ní ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Ẹlòmíì lè ṣe é."

Mi ò fọwọ́ kan ìwé náà lọ́jọ́ yẹn. Mo tẹ ìwé méjì jáde: èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà kọ, àti èyí tí mo gé. Ọjọ́ Àìkú ni, Zùwáírátù wà nílé, ó ń fọ aṣọ níwájú ilé. Aṣọ ilé ìwé Àmúdàtù wà lórí okùn. Kò sí ẹni tó ń wọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́.

Mo na ìwé méjèèjì sí i. Ó nu ọwọ́ sí ara, ó kà wọ́n. Ó kà á pẹ́.

"Èmi ni mo gé e," mo ní. "Nọ́ọ̀sì kọ́. Àṣìṣe wọn kọ́. Èmi ni mo kọ làkúrègbé."

"Mo mọ̀, mà."

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Àmúdàtù ti sọ fún mi láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì. Ó ní ẹ̀yin lẹ fún òun pé kí òun mú un lọ fún màmá, ẹ ní àrùn àgbà ni. Ó ní kí n má bá yín jà, pé ẹ máa ń ra bisikíìtì fún òun."

"O sì dákẹ́. Zùwáírátù, kí ló dé tí o dákẹ́?"

Ó tún ki ọwọ́ bọ inú omi. Kò gbé ohùn sókè, kò sì yọ ọ̀wọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Tí mo bá bá yín jà, ta ni ì bá máa gbé e lọ? Wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́. Mo ní kí n dúró. Mo ní lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin fúnra yín á sọ ọ́. Mo ń wo ẹnu yín lójoojúmọ́."

"Má bínú."

"Ìwé tuntun ni ẹ fẹ́ tẹ̀, àbí? Mo rí nọ́ọ̀sì."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ pè é."

"Ẹ má pè é ní nǹkan kan. Ẹ kọ ohun tí mo rí. Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀fun dun ọmọ, kò lè gbé oúnjẹ mì. Ẹ kọ ọ́ pé ara rẹ̀ gbóná. Ẹ kọ ọ́ pé ó lọ, gbogbo wa rò pé ó ti tán, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orúnkún kan wú, ó sì bọ́ sí ìkejì. Ẹ kọ ọ́ pé kì í ṣe pé ó ń dàgbà. Ìyẹn, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Kí ẹ kọ ọ́ pé ọ̀fun yẹn gan-an ni kí wọ́n ti gbé e wá, kí wọ́n má dúró de orúnkún."

Mi ò ní bírò lọ́wọ́. Mo ń kà á sórí.

"Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má kí mi mọ́. Tí a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ṣáà kọjá. Kò sí abẹ́rẹ́ mọ́."

Mo tẹ ẹgbẹ̀rún kan. Mo fi ọ̀rọ̀ Zùwáírátù sí i bó ṣe sọ ọ́. Mo fi àwòrán ọmọdé sókè kí arúgbó kankan má baà tò. Ìlà kan ṣoṣo ni mo mú nínú ti Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, èyí tí olè wà nínú rẹ̀. Ó tọ́ kó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ọmọ igba ó lé méjìdínlógún ló wá. Wọ́n rí mẹ́ta tí ọkàn wọn ń dún lọ́nà tí kò yẹ. Mo dúró lẹ́yìn odi, mi ò wọlé. Màmá Àbẹ̀ḿbí wà lẹ́nu géètì lórí àga. Kò béèrè oògùn orúnkún. Gbogbo ọmọ tó bá kọjá ló ń dá dúró, tó ń ní kó la ẹnu, bí ẹni pé òun ló ni ilé ìwòsàn. Zùwáírátù mú ọmọ ará ilé wa méjì dání wá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kò kí mi. Mi ò kí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra ẹ̀pà sísun lọ́wọ́ ìyá kan lábẹ́ afárá Bódìjà. Mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kí n tó wo ìwé tó fi pọ́n ọn. LÀKÚRÈGBÉ, gàdàgbà, àti iyọ̀ lára rẹ̀. Mo padà lọ bá a. Mo ní níbo lo ti rí eléyìí. Ó fi òkìtì kan hàn mí lábẹ́ tábìlì, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fi wọ́n pọ́n ẹ̀pà, pé ìwé tó dára ni, kì í ya. Mo yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti bá òjò pàdé, síbẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló hàn ketekete. Ìwé tí mo bá tẹ̀ kì í tètè parẹ́.